Oko Àrọ̀kúrò ní Accra

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ti pín òjò ọdún sí méjì tipẹ́tipẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń ṣí ọdún oko, òjò àrọ̀kúrò ló ń parí rẹ̀. Láàárín méjèèjì, nínú oṣù kẹjọ, òjò máa ń sinmi. Ojú ọ̀run á ṣú, atẹ́gùn á tutù, ṣùgbọ́n omi kò ní tó nǹkan. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, òjò á padà wá. Oṣù kẹwàá ni àwọn baba wa ń pè ní Ọ̀wàrà, nítorí bí òjò ṣe máa ń dà nígbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀rùn á wọlé, tí ọyẹ́ á sì tẹ̀ lé e.

Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, àwọn oṣù yìí gan-an ni ewé igi ń rẹ̀ dànù, tí àwọn olọ́gbà ń palẹ̀ mọ́ de òtútù. Tiwa yàtọ̀. Ìkórè àkọ́kọ́ ti wọlé, ìgbìn kejì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Àsìkò yìí la lọ sí Accra, olú-ìlú Gánà, tọkọtaya àti ọmọ mẹ́ta, láti kí àwọn ẹbí wa tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni a ti jókòó jù nílé wọn. Kò tóbi ju ibi tí mọ́tò méjì lè dúró sí lọ, wọn kò sì nilẹ̀. Owó ilé ni wọ́n ń san. Síbẹ̀, láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kejìlá, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ra ẹ̀fọ́ lọ́jà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti bí ìlú ńlá yẹn ṣe ń rí ewé jẹ lórí ilẹ̀ tí kò tó nǹkan, la fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, torí púpọ̀ nínú yín ló ní irú ẹ̀yìnkùlé bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi nǹkan kan ṣe.

Ibi tí igbó ti já

Láti Èkó dé Accra tó nǹkan bí 460 kìlómítà lójú ọ̀nà etí òkun. Èèyàn á gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Benin, á gba Cotonou àti Lomé kọjá, á sì wọ Gánà ní Aflao. Ẹni tó bá ń wo ìta láti ojú fèrèsé ọkọ̀ á rí i pé ilẹ̀ ń yí padà. Lẹ́bàá Èkó, ilẹ̀ rọ̀, igi ga, ewéko sì dí. Bí a ṣe ń lọ, igi ń kúrú, koríko ń pọ̀. Nígbà tí a fi gba orí afárá Sogakope sọdá odò Volta, pápá gbalasa ló kù lójú wa, pẹ̀lú òkìtì ọ̀gán, igi máńgòrò àti dongoyaro.

Ìdí wà fún un. Igbó ńlá tó bo etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já láàárín. Láti pápá Accra ni àlàfo náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba Tógò dé Benin. Etí òkun Gánà yí kọ́nà ní Cape Three Points, ó wá kọjú sí àríwá-ìlà-oòrùn, débi pé afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò bọ̀ láti orí òkun ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ dípò kó wọ inú rẹ̀ dáadáa. Bákan náà, láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun. Omi tútù yìí ló ń mú kí ẹja pọ̀ nínú àwọ̀n àwọn apẹja Accra, òun náà ló sì ń dín òjò orí ilẹ̀ kù. Nítorí náà, òjò Accra lọ́dún kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 700 sí 800 mìlímítà lọ. Ìbàdàn ń rí bí 1,200 sí 1,300, Èkó sì ń rí ju 1,500 lọ.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olóko ni pé àrọ̀kúrò Accra kúrú. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù kẹsàn-án, kó sì ti tán ní àárín oṣù kọkànlá, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ kó tó gbìn ti pàdánù nǹkan bí ìdámẹ́rin omi tí ọ̀run fẹ́ fún un.

Lẹ́yìn Homowo

Àwọn Ga ni onílẹ̀ Accra. Ọdún ńlá wọn ni Homowo, ìtumọ̀ orúkọ náà sì ni pé kéèyàn fi ebi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtàn wọn sọ pé ìyàn mú àwọn baba ńlá wọn rí. Wọ́n gbin ọkà, òjò rọ̀, ìkórè pọ̀, wọ́n sì fi ebi tó ti ń dà wọ́n láàmú rẹ́rìn-ín. Lọ́dọọdún, ní nǹkan bí oṣù karùn-ún, àwọn wulomei, ìyẹn àwọn àwòrò wọn, máa ń gbin ọkà ọdún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fòfin de ìlù àti ariwo nígboro fún bí oṣù kan, kí ilẹ̀ lè ní ìsinmi tí irúgbìn fi ń hù. Nínú oṣù kẹjọ ni ọ̀pọ̀ àdúgbò Ga ń ṣe ọdún náà. Wọ́n á fi ìyẹ̀fun àgbàdo se oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní kpokpoi, wọ́n á fi ọbẹ̀ ẹyìn ẹlẹ́ja jẹ ẹ́, àwọn ọba àti olórí ìdílé á sì fọ́n díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá tó ti lọ.

Lójú olóko, Homowo ni òpin àkọ́rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi jẹ kpokpoi tán, àgbàdo àkọ́kọ́ ti kúrò nílẹ̀, ilẹ̀ ṣófo, òjò kejì sì ti ń múra. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ Ga, tí òun àti àwọn ẹbí wa jọ ń gbé inú ọgbà ilé kan náà, sọ fún àwọn ọmọ wa pé ẹni tó bá fi ebi ṣe yẹ̀yẹ́ lóṣù kẹjọ, tí kò padà gbé ọkọ́ lóṣù kẹsàn-án, ebi á fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó di ọdún tuntun.

Ohun tó wà lẹ́yìnkùlé

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ló ń darí iṣẹ́ náà. Ìyá Accra ni àwọn ọmọ ń pè é. Ebè mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ sìmẹ́ǹtì, táyà àti àpò ìrẹsì tí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ sí ló wà níbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá, ata, ìkàn àti kókò ni wọ́n gbìn. Àwọn ọmọ wa kọ́ orúkọ tuntun: ewédú wa ni wọ́n ń pè ní ayoyo, tẹ̀tẹ̀ ni alefu, ewé kókò ni kontomire. Ata tí àwọn ará Accra fẹ́ràn jù ni kpakpo shito, ata róbótó aláwọ̀ ewé tí òórùn rẹ̀ máa ń ta sánsán. Shito ni ata ní èdè Ga.

Kó tó di pé òjò kejì bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹjọ, Ìyá Accra á ti da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ilẹ̀. Ó ní èyí tó bá ṣì tutù máa ń jó gbòǹgbò, nítorí náà inú àpò ló máa ń gbé e sí fún oṣù méjì kó tó lò ó. Ní àkókò kan náà ni yóò ti fọ́n irúgbìn ata àti ìkàn sínú abọ́ fífọ́ lábẹ́ ibòji, nítorí wọ́n nílò bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó tó tú gbìn sórí ebè. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń tú wọn gbìn, kí oòrùn má bàa pa wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Tí òjò gidi àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ lóṣù kẹsàn-án, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ á wọlẹ̀. Èèpo irúgbìn ewédú le. Tí a bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní hù. Bí àwọn ìyá wa nílé ṣe ń ṣe é náà ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀: wọ́n á dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á tì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́wàá, wọ́n á sá a kó gbẹ, kí wọ́n tó gbìn ín. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀ kéré bí iyanrìn, nítorí náà wọ́n á pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó má bàa dì lójú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, tẹ̀tẹ̀ ti tó jẹ. Ewédú máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ilá á bẹ̀rẹ̀ sí í so ní bí àádọ́ta sí ọgọ́ta ọjọ́, a sì gbọ́dọ̀ máa ká a lọ́jọ́ méjì-méjì kó má bàa gbó.

Ẹ ò rí i pé gbogbo ohun tó gbìn ló ń yá? Kò gbin iṣu, kò gbin ẹ̀gẹ́. Òjò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò lè dúró ti èyí tó ń lo oṣù mẹ́jọ nílẹ̀, ẹni tó ń san owó ilé kò sì mọ ọjọ́ tí onílé máa ní kó kó jáde.

Ọṣẹ dúdú tó ń jẹ́ orúkọ wa

Kòkòrò wà níbẹ̀ dáadáa. Tata ń jẹ ewé, àwọn kòkòrò wínníwínní sì ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé ilá, wọ́n ń fa omi ara rẹ̀ mu. Ìyá Accra kì í fín oògùn olóró sí ohun tí àwọn ọmọ máa jẹ. Omi ọṣẹ dúdú tó ṣàn díẹ̀ ló ń fín sí ẹ̀yìn ewé nírọ̀lẹ́. Tí kòkòrò bá pọ̀ jù, ó máa ń gún ewé dongoyaro, á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, á sì sẹ́ ẹ mọ́ omi ọṣẹ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí ti kan àwa Yorùbá ni pé alata samina ni àwọn ará Gánà ń pè é. Alata ni orúkọ tí àwọn Ga fi ń pe àwa Yorùbá. Ní James Town, àdúgbò àtijọ́ létí òkun, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Ngleshie Alata. Ìtàn àdúgbò náà sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti apá ìlà-oòrùn láti ṣiṣẹ́ ní odi James Fort, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1673, ló tẹ ibẹ̀ dó. Àwọn ọmọ wa rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọṣẹ ilé wọn ti dé Accra ṣáájú wọn.

Ẹ̀fọ́ abẹ́ wáyà iná

Ẹ̀yìnkùlé nìkan kọ́ ni oko tó wà nínú Accra. A lọ sí Dzorwulu, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin lẹ́tùùsì, kábéèjì àti àlùbọ́sà eléwé lábẹ́ àwọn wáyà iná ńláńlá. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ́lé sábẹ́ wáyà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ náà fi ṣẹ́ kù. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ro ó ló wá láti ìhà àríwá Gánà. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí oko, obìnrin ló pọ̀ jù nídìí ọjà. Àwọn obìnrin alájàpá máa ń wá ra odidi ebè kan lórí ìdúró, wọ́n á sì wá kórè rẹ̀ fúnra wọn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tí òjò kò bá rọ̀, àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gbé agolo ìbomirin méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, èyí tó ń gba nǹkan bí lítà 15, wọ́n á sì máa lọ bọ̀ láàárín poro.

Ọ̀rọ̀ omi yìí gan-an ló yẹ kó ká àwa tó ń bọ́ ọmọ lára. Odò kékeré tó ń gba Dzorwulu kọjá, Onyasia, ń gba omi gọ́tà ìlú kó tó ṣàn lọ pàdé Odaw. Òfin ìlú kò fẹ́ kí a fi omi gọ́tà bomi rin ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi mìíràn kì í sí nítòsí. Lẹ́tùùsì ni wọ́n sì ń jẹ ní tútù, lórí waakye, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè. Àwọn olùwádìí ti ṣiṣẹ́ lórí èyí ní Accra fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá àwọn ti IWMI, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi oko. Àjọ ìlera àgbáyé WHO náà tẹ ìlànà jáde ní ọdún 2006. Wọn kò ní kí a lé àwọn àgbẹ̀ náà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a dènà àrùn ní ìpele kọ̀ọ̀kan: kí àgbẹ̀ jẹ́ kí omi tòrò kó tó pọn ọ́n, kó dá omi dúró ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìkórè, kí ọlọ́jà má fi omi ìdọ̀tí fọ̀ ọ́, kí ẹni tó ń se oúnjẹ sì fọ̀ ọ́ dáadáa.

Nílé, ẹ ṣí ewé lẹ́tùùsì àti kábéèjì níkọ̀ọ̀kan, ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ wọ́n, ẹ rẹ wọ́n sínú omi tó ní fínígà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tún fi omi mímọ́ ṣan wọ́n. Ewé tí a bá sè jinná kò ní ewu tó bẹ́ẹ̀, èyí sì jẹ́ oore fún àwa tó jẹ́ pé ẹ̀fọ́ sísè la mọ̀ jù.

Ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwa

A kò lè sọ̀rọ̀ oko àrọ̀kúrò ní Gánà láìdárúkọ ọdún 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìjọba K. A. Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí wọ́n kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àṣẹ náà bá jẹ́ Yorùbá, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí, tí àwọn mìíràn bí ọmọ síbẹ̀, tí àwọn ọmọ náà ò sì mọ ilé mìíràn. Ẹ wo àkókò náà. Àárín oṣù kọkànlá ni ata ń pọ́n, tí ilá àrọ̀kúrò ṣì wà lórí igi. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba gbèsè ọjà, ká má tíì sọ láti dúró kórè. Bàbá àgbà kan nínú ẹbí wa, tó wà níbẹ̀ lọ́mọdé, sọ pé ohun tí ìyá òun ń sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣe ti ìsọ̀ tó fi sílẹ̀, bí kò ṣe ti igi ata ẹ̀yìnkùlé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so.

Ayé yí. Ní ọdún 1972, ìjọba Acheampong bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ní kí oníkálùkù bọ́ ara rẹ̀, tí àwọn ará ìlú fi ń gbin oúnjẹ sí ilẹ̀ tó ṣófo. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà. Ìjọba wa ní kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé kúrò, àwọn ọmọ Gánà sì ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n délé bá ọ̀dá àti iná igbó, ebi ọdún náà sì di ìtàn tí wọ́n ṣì ń sọ títí dòní. Ìgbà yẹn ni ìdí ẹ̀gẹ́ mélòó kan lẹ́yìnkùlé di ohun tó lè dá ẹ̀mí sí.

Àwọn Yorùbá ti padà sí Accra, àwọn Ga àtàwọn ará wa sì ń bá ara wọn ṣe ọ̀rẹ́, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń pààrọ̀ irúgbìn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ohun tó ń yá kò kúrò lára àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Fúnra àwọn àgbẹ̀ Dzorwulu náà, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, kò ní ìwé ilẹ̀. Lọ́dọọdún ni ilé ń jẹ oko lọ nínú ìlú náà. Ibi tí bíríkì bá ti wọlẹ̀, ẹ̀fọ́ kò ní hù níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kan ní Aburi

Kí àwọn ọmọ lè rí irú oko mìíràn, a gun òkè lọ sí Aburi, tó jẹ́ ìrìn wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti Accra, bí ọkọ̀ bá ṣe pọ̀ lójú ọ̀nà sí. Òjò ibẹ̀ pọ̀ ju ti pápá lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù. Ọgbà igi tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ṣí ní ọdún 1890. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti pín ọ̀pọ̀ ọmọ kòkó fún àwọn àgbẹ̀, kí kòkó tó di ohun tó sọ Gánà di olókìkí. Igi tó wà níbẹ̀, ẹni tó gbin òmíràn ti kú kí a tó bí àwọn òbí wa. Irú igi bẹ́ẹ̀ nílò ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó máa gbà á. Ọmọ wa àgbà bèèrè ìdí tí Ìyá Accra kò fi gbin igi. Ìyá Accra dá a lóhùn pé òun ti gbin ọsàn méjì, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni òun gbìn wọ́n sí.

Ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan lè ṣe

Ẹ̀yin tó wà ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́, àrọ̀kúrò tiyín gùn ju ti Accra lọ, òjò yín sì pọ̀ jù. Tí ibi tí òjò ti kéré bá lè rí ẹ̀fọ́ jẹ, kò sí ìdí tí ẹ̀yìnkùlé yín fi máa hu koríko nìkan.

Ẹ má dúró de oṣù kẹwàá. Ẹ fi irúgbìn ata àti tòmátì sínú abọ́ ní oṣù kẹjọ. Ẹ gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú díẹ̀díẹ̀, ebè kan lónìí, òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí gbogbo rẹ̀ má bàa tó jẹ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ gbé garawa tàbí dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ páànù. Òjò mìlímítà kan lórí ìwọ̀n páànù tó jẹ́ mítà kan níbùú àti lóròó máa ń fúnni ní lítà omi kan. Páànù tó tó 40 irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, tí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ sórí rẹ̀, á fún yín ní lítà 800 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ dé e kí ẹ̀fọn má bàa yé sínú rẹ̀. Tó bá di oṣù kọkànlá, ẹ kó koríko gbígbẹ bo ìdí ata àti ìkàn, kí ilẹ̀ má bàa tètè gbẹ, wọ́n á sì máa so wọ inú ọyẹ́.

Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní táyà kan tàbí àpò kan tí yóò máa tọ́jú fúnra rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa, tí kì í fojú rere wo ewédú tẹ́lẹ̀, jẹ ayoyo tó fọwọ́ ara rẹ̀ já ní Accra, ó sì tún béèrè sí i.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òjò àrọ̀kúrò ni omi tí ọ̀run ń bá wa dà síwájú ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ó tó dáwọ́ dúró lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kó bá irúgbìn nílẹ̀ yín.